Fífi Ọrun àti Ọfà Dẹ Ẹlẹ́dẹ̀ Igbó Lórí Oko Ọ̀sìn ní Texas: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Àwọn ìbéèrè tí àwọn èèyàn wa tó ń gbé ní Houston, Dallas àti àwọn ìlú tó yí wọn ká máa ń béèrè léraléra nípa ọdẹ yìí la kó jọ síbí. Òfin Texas ni ìdáhùn wọn dá lé. Ìpínlẹ̀ mìíràn ní òfin tirẹ̀.

Irú ẹranko wo gan-an ni ẹlẹ́dẹ̀ igbó Texas?

Ẹlẹ́dẹ̀ ilé tó ya igbó láti ìran dé ìran ni, tí ìmàdò ilẹ̀ Yúróòpù sì ti dà pọ̀ mọ́ ọn. Ẹ̀yà kan náà ni àwọn méjèèjì, Sus scrofa, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi ń bímọ fún ara wọn láìsí ìdíwọ́. Kì í ṣe ìmàdò ilẹ̀ Áfíríkà tó ní kókó lójú, tó máa ń kúnlẹ̀ jẹko. Kì í sì í ṣe ẹlẹ́dẹ̀ pupa inú igbó kìjikìji wa. Àwọ̀ dúdú ló wọ́pọ̀ jù lára wọn, àmọ́ ẹ máa rí pupa, eérú àti alámì tótòtó nínú agbo kan ṣoṣo.

Àgbàlagbà tó wọ̀n tó 100 sí 200 pọ́n-ùn ni ọdẹ sábà máa ń bá pàdé. Akọ tó kọjá 300 pọ́n-ùn wà lóòótọ́, àmọ́ wọ́n pọ̀ lẹ́nu ọdẹ ju bí wọ́n ṣe pọ̀ nínú igbó lọ. Abo àti àwọn ọmọ ló máa ń rìn ní agbo. Akọ tó ti dàgbà a máa dá rìn.

Báwo ni wọ́n ṣe dé ibẹ̀?

Ẹlẹ́dẹ̀ kì í ṣe ẹranko ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà. Hernando de Soto, ará Spéènì, kó wọn wọ Florida ní 1539 láti fi ṣe oúnjẹ àwọn ọmọ ogun rẹ̀, àwọn tó ṣẹ́kù nínú ikọ̀ náà sì wọ ilẹ̀ tó di Texas lónìí ní 1542, lẹ́yìn tí òun fúnra rẹ̀ ti kú. Àwọn àgbẹ̀ tó tẹ̀dó síbẹ̀ lẹ́yìn náà kì í so ẹlẹ́dẹ̀ wọn mọ́lẹ̀. Wọ́n á tú wọn sínú igbó kí wọ́n máa wá jíjẹ fúnra wọn, èyí tí wọ́n kò bá sì rí mú padà á di ẹran igbó.

Ní àwọn ọdún 1930, àwọn olóko kan tún ra ìmàdò Yúróòpù wá sórí ilẹ̀ wọn nítorí ọdẹ, ọgbà kò sì dá wọn dúró. Nítorí náà, ọwọ́ àwọn ọdẹ kò mọ́ pátápátá nínú ìṣòro tí wọ́n ń pe ọdẹ láti wá bá wọn yanjú lónìí.

Kí ló dé tí olóko fi ń fẹ́ kí wọ́n pa wọ́n?

Agbo ẹlẹ́dẹ̀ kan lè tú pápá ìjẹko kan délẹ̀ láàárín òru kan, tí ilẹ̀ náà yóò rí bí ìgbà tí katakata kọjá lórí rẹ̀. Wọ́n á hú àgbàdo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn ní tẹ̀lé-ǹ-tẹ̀lé lórí ebè, wọ́n á ba ẹ̀pà jẹ́, wọ́n á fi imú gbé wáyà ọgbà sókè, wọ́n á sì sọ adágún tí màlúù ń mu di ẹrẹ̀. Wọ́n a máa jẹ ọmọ àgùntàn àti ọmọ ewúrẹ́ pẹ̀lú. Ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó iṣẹ́ àgbẹ̀ ti fojú díwọ̀n ìbàjẹ́ tí wọ́n ń ṣe káàkiri orílẹ̀-èdè náà sí nǹkan bíi bílíọ̀nù kan ààbọ̀ dọ́là lọ́dún.

Síbẹ̀, kí ẹ má ṣe rò pé gbogbo olóko ló ń wá ẹni tó máa bá òun pa ẹlẹ́dẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀pọ̀ wọn ti rí i pé owó wà nínú rẹ̀. Àwọn kan ń gbowó ọjọ́, àwọn mìíràn ń gbowó orí ẹran kọ̀ọ̀kan, àwọn kan sì ní ilé tí ọdẹ lè sùn sí.

Ǹjẹ́ mo nílò ìwé àṣẹ ọdẹ?

Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, ẹni tó bá gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ onílẹ̀ kò nílò ìwé àṣẹ ọdẹ kí ó tó pa ẹlẹ́dẹ̀ igbó lórí ilẹ̀ aládàáni ní Texas, ì báà jẹ́ olùgbé ìpínlẹ̀ náà tàbí àlejò. Lórí ilẹ̀ ìjọba, ìwé àṣẹ ṣì di dandan. Kò sí àsìkò tí wọ́n ti ọdẹ wọn pa, kò sì sí iye tí òfin ní kí ọdẹ má kọjá.

Ìyọ̀ǹda onílẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà dúró lé. Ẹ jẹ́ kó wà lákọsílẹ̀, kódà bó jẹ́ àtẹ̀jíṣẹ́ lórí fóònù, kí ọjọ́ àti orúkọ oko sì hàn nínú rẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ aláàbò ẹranko igbó bá dá yín dúró, àlàyé ẹnu lásán máa ń gùn ju bó ṣe yẹ lọ.

Mi ò tíì di ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ṣé mo lè lo ọrun?

Òfin ìjọba àpapọ̀ kò ka ọrun àti ọfà sí ìbọn, nítorí náà òfin tó ń dí àwọn àlejò lọ́wọ́ láti ní ìbọn kò kàn án. Ẹni tó wà níbẹ̀ pẹ̀lú físà ìgbà díẹ̀, bíi físà akẹ́kọ̀ọ́ tàbí ti àbẹ̀wò, ni òfin kà á léèwọ̀ fún láti mú ìbọn lọ́wọ́, àyàfi tó bá bọ́ sínú àwọn àyọsílẹ̀ díẹ̀; níní ìwé àṣẹ ọdẹ tó ṣì ń ṣiṣẹ́ wà lára wọn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni ìbọn ìléwọ́ tí ọ̀rẹ́ máa ń sọ pé kí wọ́n fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ nítorí àìmọ̀. Bí físà yín kò bá gbà á, ẹ má ṣe bá a gbé e, ẹ má sì bá a mú un dání fún ìṣẹ́jú kan. Agbẹjọ́rò tó mọ òfin ìwọ̀lú ni kí ẹ bi léèrè, kì í ṣe ọdẹ ẹlẹgbẹ́ yín.

Kí ni kí n bi olóko kí n tó wọ ilẹ̀ rẹ̀?

Ẹ bi í ibi tí màlúù, ẹṣin àti òṣìṣẹ́ rẹ̀ máa ń wà, ibi tí ààlà ilẹ̀ dé, bóyá ọdẹ mìíràn wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, àti ibi tí ó fẹ́ kí wọ́n da ìfun ẹran sí. Ẹ bi í bóyá gbogbo ẹlẹ́dẹ̀ ni kí ẹ ta, tàbí ó ní èyí tí kò fẹ́. Ọ̀pọ̀ olóko yóò ní kí ẹ fọwọ́ sí ìwé pé ẹ kò ní pe àwọn lẹ́jọ́ bí ẹ bá farapa. Ẹ kà á délẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ sí i.

Ìlànà géètì kò ní àríyànjiyàn nínú: èyí tí ẹ bá ní títì, ẹ tì í padà, èyí tí ẹ bá ní ṣíṣí, ẹ fi í sílẹ̀ ní ṣíṣí, nítorí ó lè jẹ́ pé ibẹ̀ ni màlúù ń gbà lọ mu omi. Màlúù tó jáde sójú títì nítorí géètì máa ń ba orúkọ ọdẹ jẹ́ lọ́dọ̀ olóko ju kí ó ta ọfà kó má bà lọ.

Bí ẹ bá rí ọ̀dà aláwọ̀ àlùkò lára igi tàbí òpó ọgbà, tí wọ́n fi fa ìlà tó gùn tó íǹṣì mẹ́jọ lóòró, ìkìlọ̀ ni. Láti 1997 ni òfin Texas ti ka àmì yẹn sí pátákó tó ní kí ẹni tí kò gba àṣẹ má wọlé.

Irú ọrun wo ló tó ẹlẹ́dẹ̀ í pa?

Ọrun ìgbàlódé tó ní kẹ̀kẹ́ kéékèèké ní igun méjèèjì, tí wọ́n ń pè ní compound, ni ọ̀pọ̀ ọdẹ ń lò, nítorí ó rọrùn láti fà á kí a sì dì í mú títí ẹran yóò fi yí ìhà síni. Bí agbára tí wọ́n fi ń fà á bá tó 50 sí 60 pọ́n-ùn, ó tó ẹlẹ́dẹ̀ tó wọ́pọ̀. Ẹni tó bá mọ ọrun àtijọ́ lò lè lò ó, kìkì pé kí ó sún mọ́ ẹran dáadáa. Òfin gba àkàtàǹpó pẹ̀lú, ó sì dára fún ẹni tí èjìká rẹ̀ kò lè fa ọrun mọ́.

Ọfà ṣe pàtàkì ju ọrun lọ, lójú tèmi. Ọfà tó wúwo ni kí ẹ lò, kì í ṣe èyí tó fúyẹ́ tó sì yára, nítorí ọfà wíwúwo kì í tètè dúró bó bá kan egungun. Orí ọfà tí abẹ rẹ̀ dúró gbagidi, tó mú débi pé ó ń gé láti ibi tó ti kọ́kọ́ kan awọ, ni mo fara mọ́ ju èyí tí abẹ rẹ̀ ń ṣí lẹ́yìn tó bá wọlé lọ. Ẹrẹ̀ gbígbẹ, irun líle àti awọ tó nípọn máa ń gba agbára lọ́wọ́ irú èyí tó ń ṣí yìí kó tó dé ibi iṣẹ́. Oró tí àwọn ọdẹ àtijọ́ ń fi sí orí ọfà kò ní àyè níbí: òfin Texas kà á léèwọ̀ fún ẹran ìgbẹ́, ẹran tí èèyàn fẹ́ jẹ sì ni.

Àsìkò wo ló dára jù?

Ẹlẹ́dẹ̀ kì í lè làágùn láti fi tu ara rẹ̀ lára. Nínú ooru Texas, láti nǹkan bí oṣù karùn-ún títí dé oṣù kẹsàn-án, inú ẹrẹ̀ àti abẹ́ òjìji ló máa ń wà lọ́sàn-án, tí á sì jáde lóru. Ìdájí, ìrọ̀lẹ́ àti bèbè omi nìkan ni ẹ lè retí rẹ̀ sí nígbà náà. Nígbà òtútù, ó lè máa jẹ kiri nínú oòrùn ọ̀sán gangan.

Ẹ kọ́kọ́ wá àmì kí ẹ tó yan ibi tí ẹ máa jókòó sí: ilẹ̀ tí wọ́n tú tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣì tutù, ẹrẹ̀ tí kò tíì gbẹ lára ìdí igi tí wọ́n fi ara nù, irun tó há sí wáyà ẹlẹ́gùn-ún níbi tí wọ́n ń gbà kọjá, àti ojú ẹsẹ̀ tó ṣe róbótó ju ti àgbọ̀nrín lọ. Ilẹ̀ tí wọ́n tú tó ti gbẹ kò sọ nǹkan kan ju pé wọ́n ti lọ. Ẹlẹ́dẹ̀ kì í dúró síbì kan. Agbo tó wà níbí lọ́sẹ̀ yìí lè wà lóko mìíràn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ṣé kí n gun ègùn (ibi tí ọdẹ ń jókòó sí lórí igi) ni, tàbí kí n máa yọ́ tọ̀ wọ́n?

Méjèèjì ló ń ṣiṣẹ́. Ojú ẹlẹ́dẹ̀ kò ríran jìnnà, nítorí náà ọdẹ tó mọ ẹsẹ̀ í gbé lè yọ́ tọ agbo tó ń jẹ lọ títí yóò fi ku nǹkan bí ogún yáàdì, ohun tó ṣòro gan-an lọ́dọ̀ àgbọ̀nrín. Ìgbà tí wọ́n bá ń pariwo, tí wọ́n ń jà sí oúnjẹ, ni kí ẹ rìn. Bí wọ́n bá dákẹ́ tí orí kan sì dìde, ẹ dúró bí ẹ ṣe wà.

Imú rẹ̀ ni ọ̀tá ọdẹ. Bí afẹ́fẹ́ bá ti ẹ̀yìn yín fẹ́ lọ bá wọn, ọdẹ ọjọ́ náà ti parí, bí ẹ tilẹ̀ wọ aṣọ aláwọ̀ ewé láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ẹ gbé ìyẹ̀fun díẹ̀ dání, kí ẹ máa fọ́n ọn sókè lóòrèkóòrè kí ẹ lè mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń lọ. Bó bá yí padà, ẹ kúrò níbẹ̀ kí ẹ gba ọ̀nà mìíràn wá; ẹni tó bá jókòó sórí ègùn nínú afẹ́fẹ́ burúkú ń kọ́ ẹlẹ́dẹ̀ bí wọn yóò ṣe máa yẹra fún igi yẹn ni.

Ǹjẹ́ òfin gbà kí n fi oúnjẹ fà wọ́n?

Ó gbà á lórí ilẹ̀ aládàáni, bí onílẹ̀ bá fọwọ́ sí i. Ọ̀pọ̀ oko ló ní ẹ̀rọ tó ń fọ́n àgbàdo sílẹ̀ ní wákàtí tí wọ́n yàn fún un. Àgbàdo tí a rẹ sómi fún ọjọ́ mélòó kan títí tó fi kan máa ń fà wọ́n ju gbígbẹ lọ, nítorí òórùn rẹ̀ ń rìn jìnnà, àgbọ̀nrín àti màlúù kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ bìkítà fún un. Ẹni tí ìyá rẹ̀ ti gbàgbé ògì sínú agbada láìpààrọ̀ omi rẹ̀ rí ti mọ òórùn náà.

Ibo gan-an ni kí ọfà bà?

Ìbéèrè yìí ló yẹ kí ọdẹ tuntun fi àkókò sí jù lọ, nítorí ara ẹlẹ́dẹ̀ máa ń tan ẹni tó ti mọ àgbọ̀nrín í ta jẹ. Ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ wà nísàlẹ̀ nínú àyà, wọ́n sì wà níwájú, tí èjìká fẹ́rẹ̀ẹ́ bò wọ́n tán. Ẹni tó bá ta ọfà sẹ́yìn èjìká, sí àárín ìhà, bó ṣe máa ń ṣe sí àgbọ̀nrín, inú ìfun ni ọfà rẹ̀ máa ń bọ́ sí. Ẹran náà yóò kú lẹ́yìn wákàtí púpọ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹnikẹ́ni má rí òkú rẹ̀, ìyà tó sì jẹ ẹ́ kì í ṣe ohun tí ọdẹ gidi ń fẹ́.

Bó bá dúró ní ìbú sí yín, ẹ dúró de ìgbà tí yóò gbé ẹsẹ̀ iwájú tó kọjú sí yín síwájú. Ẹ wá tẹ̀ lé ẹ̀yìn ẹsẹ̀ yẹn gòkè tààrà, kí ẹ sì ta ọfà sí ìdá kan nínú mẹ́ta gíga ara rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ àyà. Ó máa ń dà bí ẹni pé ibẹ̀ ti lọ sísàlẹ̀ jù. Ibẹ̀ gan-an ni.

Ìdúró tó dára jù ni èyí tó kọ ẹ̀yìn síni díẹ̀ ní ìdàgẹ̀rẹ̀. Lọ́nà bẹ́ẹ̀, ọfà á gba ẹ̀yìn egungun ìhà wọlé, á sì kọjá síwájú lọ sí ẹsẹ̀ iwájú tó wà ní òdìkejì. Ẹ̀dọ̀fóró kò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì ní kan apata èjìká. Apata yìí jẹ́ iṣan líle tó nípọn tí akọ máa ń ní lábẹ́ awọ èjìká, tó sì ń le sí i bó ṣe ń dàgbà tó sì ń bá akọ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jà. Lára akọ arúgbó, ó lè nípọn ju íǹṣì kan lọ.

Ẹ má ṣe ta èyí tó kọjú síni, ẹ má ṣe ta orí, ẹ má sì ta nígbà tí òmíràn dúró sẹ́yìn èyí tí ẹ ń wò, nítorí ọfà tó bá ọ̀kan kọjá lè ṣe èkejì léṣe. Ogún yáàdì sísàlẹ̀ ni mo máa gba ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ nímọ̀ràn, ohun yòówù tí ó lè ṣe níbi ìdánrawò.

Mo ti ta á, ó sì sá lọ. Kí ló kàn?

Ẹ dúró lójú kan, kí ẹ sì há ibi tó dúró sí àti ibi tí ẹ rí i kẹ́yìn sórí. Ẹ wá ọfà náà. Ẹ̀jẹ̀ pupa tó ń hó ìfófó fi hàn pé ẹ̀dọ̀fóró ló bà. Ẹ̀jẹ̀ dúdú lè jẹ́ ti ẹ̀dọ̀. Omi aláwọ̀ ewé tó ń rùn jẹ́ ti ìfun. Bó bá jẹ́ ẹ̀dọ̀fóró, ẹ fún un ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bó bá jẹ́ ìfun, wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló yẹ, àmọ́ nínú ooru ẹran náà lè ti bàjẹ́ kí ẹ tó rí i. Ẹ ò ní ṣe ju kí ẹ yan ọ̀kan nínú aburú méjèèjì.

Ẹ má ṣe retí ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ nílẹ̀. Ọ̀rá máa ń dí ojú ọgbẹ́, irun sì máa ń fa ẹ̀jẹ̀ mu, débi pé ẹlẹ́dẹ̀ tí ọfà ti gún ọkàn rẹ̀ lè sáré gba ọgọ́rùn-ún yáàdì láìfi ju ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ mélòó kan lọ sílẹ̀. Ẹ máa wo ara koríko níbi tí ara rẹ̀ ti fi kan án, kì í ṣe ilẹ̀ nìkan, kí ẹ sì máa wo ojú ẹsẹ̀. Inú igbó tó díjú jù tàbí ibi omi ló máa ń forí lé.

Ṣé ẹlẹ́dẹ̀ igbó lè kọlu èèyàn?

Ó lè ṣe é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé sísá ló máa ń kọ́kọ́ yàn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, agbo ẹlẹ́dẹ̀ pa obìnrin kan nítòsí Anahuac ní Texas, obìnrin náà kì í sì í ṣe ọdẹ. Irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n gan-an.

Ewu tó sún mọ́ ọdẹ jù ni ẹlẹ́dẹ̀ tó ti gbọgbẹ́ tó lúgọ sínú igbó tí ojú kò tó. Eyín akọ tó yọ síta mú, gíga itan èèyàn ló sì máa ń fi gé. Ẹ má ṣe dá wọ irú igbó bẹ́ẹ̀, pàápàá lálẹ́; ẹ fi ọfà sórí ọsán kí ẹ tó máa tọ ipa lọ, kí ẹ sì ti wo igi tí ẹ lè gùn sílẹ̀.

Ṣé mo lè ta abo tó ní ọmọ lẹ́yìn?

Òfin kò sọ pé kí ẹ má ṣe é, olóko á sì fẹ́ kí ẹ ṣe é, nítorí abo ló ń sọ agbo di púpọ̀. Oyún rẹ̀ kò ju nǹkan bí ọjọ́ 115 lọ, ó sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í bímọ kó tó pé ọdún kan. Ohun tí mo lè sọ ni pé bí àwọn ọmọ náà bá ṣì kéré débi pé wọ́n ní ìlà lára, ebi ni yóò pa wọ́n lẹ́yìn ìyá wọn. Bí abo mìíràn tí kò ní ọmọ kéékèèké bá wà nínú agbo náà, èmi á mú un.

Ǹjẹ́ ẹran rẹ̀ ṣeé jẹ? Àìsàn wo ló wà nínú rẹ̀?

Ó ṣeé jẹ, abo tí kò tíì dàgbà jù ló sì dùn jù. Ẹran akọ arúgbó máa ń rùn. Ibi tí ewu wà ni ìgbà tí ẹ bá ń tú u. Àìsàn brucellosis máa ń ti inú ẹ̀jẹ̀ àti omi ara ẹlẹ́dẹ̀ igbó wọ ara èèyàn láti ojú ọgbẹ́, ojú tàbí ẹnu, ó sì máa ń fara hàn bí ibà tó ń lọ tó ń bọ̀, oríkèé ríro àti àárẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù mélòó kan. Ẹni tó ti gbé ní ilẹ̀ wa á tètè rò pé ibà ẹ̀fọn ni. Ẹ sọ fún dókítà pé ẹ tú ẹlẹ́dẹ̀ igbó, nítorí kò ní wá sí i lọ́kàn láti béèrè.

Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà àti awò tó ń dáàbò bo ojú, ẹ má ṣe fọwọ́ kan ojú tàbí ẹnu, kí ẹ sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ àti ọ̀bẹ dáadáa. Ẹ yọ ìfun rẹ̀ kíá, kí ẹ fi yìnyín tù ú. Ẹ sè é títí inú ẹran náà yóò fi gbóná dé 160 dígírì Fahrenheit, ìyẹn 71 ní Celsius. Kí ẹnikẹ́ni má gbẹ́kẹ̀ lé fíríìsà, nítorí dídì kì í pa kòkòrò brucellosis.

Ṣé mo lè tà á fún ilé oúnjẹ tàbí fún àwọn ará ìjọ?

Rárá. Ẹran tí ọdẹ pa kò kọjá àyẹ̀wò ìjọba, nítorí náà kò ṣeé tà. Ẹlẹ́dẹ̀ igbó tí ẹ ń rí nínú àwọn ilé oúnjẹ ńlá jẹ́ èyí tí wọ́n fi pańpẹ́ mú láàyè, tí wọ́n sì pa lójú olùṣàyẹ̀wò. Ẹ lè jẹ ẹ́, ẹ sì lè fún ọ̀rẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

A kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀ nílé wa. Kí ni kí a ṣe sí òkú ẹran?

Ẹ ti bá olóko sọ ọ́ ṣáájú. Òṣìṣẹ́ oko tàbí ọdẹ mìíràn sábà máa ń fẹ́ ẹ, àwọn oko kan sì ní ibi tí wọ́n ń da òkú ẹran sí. Ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ omi tàbí lójú ọ̀nà. Bóyá ó tọ́ fún Mùsùlùmí láti fọwọ́ kàn án, ààfáà yín ni kí ẹ bi.

Ṣé mo lè dẹ ọdẹ yìí lóru pẹ̀lú iná?

Bẹ́ẹ̀ ni, lórí ilẹ̀ aládàáni pẹ̀lú ìyọ̀ǹda onílẹ̀. Iná pupa tàbí aláwọ̀ ewé kì í tètè dẹ́rù bà wọ́n bíi funfun. Ó dára kí ẹ fi tó òṣìṣẹ́ aláàbò ẹranko igbó ti àgbègbè náà àti àwọn aládùúgbò oko létí ṣáájú, nítorí iná tó ń rìn nínú pápá lóru máa ń jọ ti ọdẹ olè. Ẹ má ṣe ta ọfà láti ojú títì ìjọba láé.

Ẹlẹ́dẹ̀ tí mo ta fo ọgbà bọ́ sílẹ̀ ẹlòmíràn. Ṣé mo lè tẹ̀ lé e?

Ẹ kò lè tẹ̀ lé e láìgba àṣẹ onílẹ̀ náà. Ẹ̀jẹ̀ tó ń kán kò fún ọdẹ ní ẹ̀tọ́ láti kọjá ààlà ní Texas, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá sì ni kí èèyàn dẹ ọdẹ lórí ilẹ̀ ẹni tí kò yọ̀ǹda fún un. Ẹ dúró létí ọgbà, kí ẹ pe olóko tó gbà yín, kí òun sì pe aládùúgbò rẹ̀. Bí aládùúgbò náà bá kọ̀, ẹran náà ti lọ nìyẹn. Nítorí èyí, ẹ má ṣe jókòó sítòsí ààlà.

Mo rí ẹranko kékeré kan tó jọ ẹlẹ́dẹ̀ ní gúúsù Texas. Ṣé mo lè ta á?

Ẹ dúró ná. Ó lè jẹ́ javelina, tí kì í ṣe ẹlẹ́dẹ̀ rárá. Òfin ń dáàbò bò ó: ó ní ìwé àṣẹ, àsìkò, àti iye tí ẹnì kan lè pa lọ́dún. Wíwúwo rẹ̀ kì í sábà kọjá 60 pọ́n-ùn, irun rẹ̀ jẹ́ eérú, ó ní ìlà funfun tó yí ọrùn rẹ̀ ká bíi kọ́là, ìrù rẹ̀ kò sì hàn. Bí kò bá dá yín lójú, ẹ má ṣe tú ọsán sílẹ̀.

Ṣé mo lè mú ọmọ rẹ̀ láàyè lọ sìn?

Texas Animal Health Commission, àjọ ìpínlẹ̀ náà tó ń rí sí ìlera ẹran, ló ń ṣàkóso gbígbé ẹlẹ́dẹ̀ igbó láàyè láti ibì kan sí òmíràn. Ẹ kò gbọ́dọ̀ gbé e lọ tú sórí ilẹ̀ mìíràn. Irú ìwà yìí wà lára ohun tó sọ wọ́n di káàkiri.

Wọ́n ní olóko kan ń lo májèlé. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀?

Ìjọba Texas fọwọ́ sí májèlé ẹlẹ́dẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Kaput, tí warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, wà nínú rẹ̀, ní 2024, lábẹ́ ìlànà tó le. Wọ́n fi aró sí i tó ń sọ ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ tó bá jẹ ẹ́ di aláwọ̀ búlúù. Ẹ bi olóko léèrè ṣáájú, bí ẹ bá sì tú ẹran tí ọ̀rá rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣe jẹ ẹ́, ẹ má sì fún ajá.

Ǹjẹ́ ọrun àti ọfà lè dín ẹlẹ́dẹ̀ oko kan kù?

Kò lè ṣe é, ẹ má sì ṣe ṣèlérí rẹ̀ fún olóko. Àwọn onímọ̀ ní yunifásítì Texas A&M ti ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo wọn ni wọ́n gbọ́dọ̀ máa pa lọ́dọọdún kí iye wọn tó lè dúró lójú kan. Ọfà ń pa ọ̀kan, àwọn yòókù á sì sá, wọ́n á sì gbọ́n sí i. Pańpẹ́ ńlá tó lè sé odindi agbo mọ́ lẹ́ẹ̀kan ló ń ṣiṣẹ́, àti hẹlikópítà, tí òfin Texas ti gbà láti 2011 kí àwọn ọdẹ máa sanwó láti ti inú rẹ̀ pa wọ́n.

Bí olóko bá ní pańpẹ́ tí kò tíì tì, tí ẹlẹ́dẹ̀ sì ń wọ̀ ọ́ jẹun kí ara wọn lè balẹ̀, ẹ jìnnà sí ibẹ̀ pátápátá. Ọfà kan ṣoṣo lè ba iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ jẹ́.

Ṣé bákan náà ni òfin rí ní àwọn ìpínlẹ̀ yòókù?

Kò rí bẹ́ẹ̀. Kansas kò gbà kí ẹnikẹ́ni fi ẹlẹ́dẹ̀ igbó ṣe ọdẹ ìgbádùn rárá, Missouri sì ti fòfin de ọdẹ wọn lórí àwọn ilẹ̀ tí àjọ tó ń bójú tó ẹranko igbó ìpínlẹ̀ náà ń ṣàkóso. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é ni pé níbi tí ọdẹ ẹlẹ́dẹ̀ bá ti dùn, àwọn kan á máa kó ẹlẹ́dẹ̀ tuntun wá tú sílẹ̀. Ẹ ka òfin ìpínlẹ̀ tí ẹ ń lọ kí ẹ tó di ọrun yín sínú ọkọ̀.